Ìwé àràmàǹdà wo ló yẹ kí a kà? Ìjíròrò láti Àgbádárìgì

Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí ní Àjárá. Àkọ́bí mi, tó wà ní SS2, kì í sùn bọ̀rọ̀ mọ́ lóru, ìwé nípa àwọn ẹ̀dá láti òfuurufú àti àwọn oṣó tó ń gun ẹranko fò ni ó ń kà. Bàbá rẹ̀ ní kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, pé irọ́ lásán ni, àti pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni Fágúnwà ti kọ tán kí a tó bí àwọn tó ń kọ wọ́n. Èmi kò fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ tó ń kàwé. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ló yẹ kí ènìyàn kà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, èwo sì ni kí ó fi sílẹ̀?"

* * *

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọmọ tí a bá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, fóònù ni yóò gbé lọ́la. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. Nísinsìnyí, mo ní pẹpẹ ìwé kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí ìyàwó mi ti ń ta bírò àti ìwé ọmọ ilé-ìwé, ibẹ̀ ni mo sì ti ń yá àwọn ènìyàn ní ìwé ìtàn. Irú ìwé tí ẹ ń bèèrè yìí ni wọ́n máa ń yá jù, òun náà sì ni wọn kì í fẹ́ dá padà.

Ọkọ yín ní òtítọ́ díẹ̀ lẹ́nu, a ó sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ó fi wọn ìwé. Ẹlòmíràn a máa wo bí ó ṣe nípọn tó, ẹlòmíràn a máa wo ẹ̀bùn tí wọ́n fún òǹkọ̀wé. Èèwọ̀ ni èmi máa ń wá. Ẹni tó bá fún wa ní oògùn tí kò sì sọ èèwọ̀ rẹ̀, ara a máa fu wá sí i. Bákan náà ni òǹkọ̀wé tó bá fún akọni rẹ̀ ní agbára láti fò, láti parẹ́ àti láti jí òkú, tí agbára náà kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì sí ibi tí kò lè dé, irọ́ lásán ló ń pa, ọkọ yín sì jàre lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí àràmàǹdà inú ìwé bá ní òfin tí kò ṣeé yẹ̀, tí ẹni tó lò ó sì ní láti san nǹkan, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà máa kà á lọ, kódà bí ó bá jẹ́ lóru.

* * *

Lórí ọ̀rọ̀ Fágúnwà, ìdáhùn ẹ̀yin tó kù tí ẹ ń bá wa jíròrò ti pọ̀ ju èyí tí mo retí lọ. Apá kan ní òun ni kí ọmọ kọ́kọ́ kà. Apá kejì ní kò yẹ kí a kà á mọ́ irú ìwé wọ̀nyí rárá, nítorí pé iwin àti ànjọ̀nú kì í ṣe àròsọ lọ́dọ̀ Yorùbá. Bàbá kan tó ń pẹja ní apá Gbẹ̀rẹ̀fú, ní òdìkejì ọ̀sà wa, tilẹ̀ sọ pé òun ti rí ohun tó ju ti inú ìwé lọ lójú ọ̀sà lóru.

Èmi kò ní bá bàbá jiyàn. Ní Àgbádárìgì níbí, bí Zàngbétò, eégún ọdẹ òru àwọn Ègùn, bá jáde lóru, kò sí ẹni tó ń dúró bèèrè bóyá àròsọ ni. Kálukú a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí òǹkàwé gbà gbọ́ ni ó ń sọ ìwé di àròsọ, iṣẹ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé ni. Gbogbo wa la gbọ́ nípa iwin lẹ́nu àwọn àgbà, ṣùgbọ́n kí ènìyàn to ojú mẹ́rìndínlógún yí orí iwin Àgbákò ká, kí ó wá jẹ́ kí ọdẹ Àkàrà-ògùn pàdé rẹ̀ kí wọ́n sì jọ wọ̀yá ìjà, iṣẹ́ ẹni tó jókòó tó ro ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọdún 1938 ni ìwé Fágúnwà tí wọ́n wà nínú rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde. Ìwé The Hobbit, tí Tolkien kọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jáde ní 1937. Ọdún kan péré ló wà láàárín wọn, síbẹ̀ àwọn méjèèjì kó ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò jọ, wọ́n sì rán wọn lọ sí orí òkè tí ẹni tó bá lọ kò dájú pé yóò bọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Fágúnwà kì í ṣe ara ìdílé yìí, kí ó sọ ìdílé mìíràn tí yóò fi í sí.

Ìyá wa, ọkọ yín wá ṣi ọ̀rọ̀ sọ níbi tó ti ní Fágúnwà "ti kọ tán". Ìwé ìtàn àròsọ márùn-ún ni bàbá náà kọ, láti 1938 dé 1961, kò sì sí èyí tó bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀rọ bá gbọ́n ju ènìyàn lọ, tàbí bí àjèjì bá sọ̀ kalẹ̀ láti òfuurufú sínú òkun Èkó. Ọ̀rọ̀ ìgbà tiwa nìyẹn, àwọn ẹlòmíràn ló kọ ọ́.

Ẹ wá gbọ́ ìṣòro tí mo mọ̀ lójú ara mi. Ọmọkùnrin kan yá Ògbójú Ọdẹ lọ́wọ́ mi, ó sì dá a padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ojú-ìwé kẹrin ló dé. Ó ní àwọn gbólóhùn náà gùn ju èémí òun lọ. Mo ní kí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù kí ó kà á sókè, kí ó má ṣe sáré, kí ó mí níbi tí kọ́mà bá wà. Kí ó tó parí ojú-ìwé kejì, ìyá tó ń ta àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti sún àga rẹ̀ mọ́ wa. Ẹnu la fi ń ka Fágúnwà. Ẹni tó bá fi ojú nìkan kà á dà bí ẹni tó ń wo ìlù tí kò lù ú. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ọmọ náà ti kọjá Àgbákò, ẹnu sì ti ń yá a láti sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tí mo mọ̀ pé yóò ti fò ni ìparí, níbi tí wọ́n ti jókòó fún ọjọ́ méje tí Ìrágbèje ọlọ́gbọ́n ń fún wọn ní ìmọ̀ràn. Gbogbo àwọn ọmọ mi ló máa ń fò ó. Èmi náà fò ó nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí wọn.

Ẹnìkan ní kí ọmọ ka ìtúmọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe ní 1968, The Forest of a Thousand Daemons. Ìwé tó dára ni, ṣùgbọ́n ti Ṣóyínká ni, òyìnbó inú rẹ̀ sì le fún ọmọ ilé-ìwé ju Yorùbá Fágúnwà lọ. Kí ó kà á lẹ́yìn.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú. Èyí tí mo rà lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń ta ìwé kiri nínú ọkọ̀, mo dé ojú-ìwé 48, mo ṣí i, mo bá ara mi ní 65. Odindi ìdìpọ̀ kan ni wọn kò rán mọ́ ọn. Mo yá ti ọ̀rẹ́ mi kan, mo fi ọwọ́ da ojú-ìwé mẹ́rìndínlógún náà kọ, mo sì fi pín-ìnnì há a sáàárín. Ìwé yẹn náà ni mo ṣì ń yá àwọn ènìyàn, wọ́n sì máa ń sọ fún mi pé ibi tí mo fọwọ́ kọ ni ó rọrùn láti kà jù.

* * *

Arábìnrin kan bèèrè bóyá irú ìwé báyìí kò ní gbé ẹ̀mí òkùnkùn wọ ilé. Èyí kò ní gba àkókò. Onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, olùkọ́ ni, St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ló ti kọ́ṣẹ́, ìwàásù sì kún inú ìwé rẹ̀ débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń kùn. Ẹgbẹ́ míṣọ́nárì C.M.S. ti ìjọ Áńgílíkà, tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọdún 1845 tó wà létí ọ̀sà wa níbí, ni ó kọ́kọ́ tẹ Ògbójú Ọdẹ jáde. Bí kò bá ba ìjọ lẹ́rù, kí ni ti wa?

* * *

Ọ̀gbẹ́ni kan bínú pé mo gbàgbé Amos Tutuola. Mi ò gbàgbé rẹ̀ o, mo fẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ ni, nítorí mo mọ ìjà tí yóò tẹ̀lé e. Ó sì tẹ̀lé e: ẹni mẹ́ta ti ní òyìnbó rẹ̀ kò tọ́, pé ọmọ tó bá kà á yóò fìdí rẹmi nínú WAEC. Irú ìbínú yìí ti wà láti ìgbà tí The Palm-Wine Drinkard jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Ojú ti àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan nígbà náà pé ohun tí òyìnbó ń yìn nìyẹn.

Ẹ tún un kà, kí ẹ máa gbọ́ Yorùbá lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ àlọ́ ọmọge tó kọ gbogbo ọkọ, tó wá tẹ̀lé àjèjì arẹwà láti ọjà. Nínú ìwé Tutuola, bí ọkùnrin náà ṣe ń padà sí igbó, ó ń yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó yá a: ó dé ibìkan, ó bọ́ ẹsẹ̀, ó san owó ìyálò, ó tún rìn síwájú, ó dá ikùn àti ìhà padà, ó san owó wọn pẹ̀lú, títí ó fi ku agbárí nìkan tó ń yí lọ nílẹ̀. Owó ìyálò yẹn ni mo ń pè ní èèwọ̀. Ẹwà náà kì í ṣe ọ̀fẹ́, ó sì ní ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ dá a padà. Ẹ tún wo bí ó ṣe ń ka nǹkan. Oko ọ̀pẹ inú ìwé náà, ó ní igi 560,000 ló wà níbẹ̀, kèrègbè ẹmu 150 ni adẹ́mu sì ń dá láràárọ̀, 75 ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń parọ́ lásán yóò ní ọ̀pẹ náà pọ̀ jọjọ. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ní oko àgbọn ní ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, yóò sọ iye igi tirẹ̀ fún yín láì wo ìwé. Bí onílẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, òun ni ó jẹ́ kí a gbà á gbọ́.

Ti WAEC, kí ọmọ ka ìwé gírámà fún ìyẹn.

* * *

Kí a wá jáde nílé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti kó orúkọ ìwé ilẹ̀ òkèèrè jọ, ogún, ọgbọ̀n. N kò ní tò wọ́n. Mẹ́ta ni mo máa ń fi lé ènìyàn lọ́wọ́.

Àkọ́kọ́ ni A Wizard of Earthsea tí Ursula Le Guin kọ ní 1968. Erékùṣù ni gbogbo ayé inú rẹ̀, ọmọ aláwọ̀ dúdúpupa kan sì ń kọ́ iṣẹ́ oṣó níbẹ̀. Òfin iṣẹ́ náà ni pé ohun gbogbo ní orúkọ gidi, ẹni tó bá sì mọ orúkọ náà ló lè pàṣẹ fún un. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọfọ̀ rí kò nílò àlàyé. Ọmọ náà fi ìgbéraga tú òjìji kan sílẹ̀, òjìji náà sì ń dọdẹ rẹ̀ láti erékùṣù dé erékùṣù. Ìwé náà kò nípọn, kò sí ọ̀rọ̀ rírùn nínú rẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n ń wa ọkọ̀ ojú omi níbí sì máa ń mọ̀ bóyá òǹkọ̀wé mọ ohun tó ń sọ nípa atẹ́gùn.

Èkejì ni Dune, ti Frank Herbert, 1965. Ìlú tí kò ní omi ni. Nígbà tí olórí àwọn ará aṣálẹ̀ kan dé iwájú ọba àlejò, ó tu itọ́ sórí tábìlì níwájú rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì fẹ́ fa ohun ìjà yọ, kí ẹnìkan tó ṣàlàyé fún wọn pé omi ara rẹ̀ ni ọkùnrin náà fi ta wọ́n lọ́rẹ, pé ọ̀wọ̀ ni. Ojú-ìwé yẹn nìkan tó láti mọ̀ bóyá ẹ ó fẹ́ràn ìwé náà. Wọ́n ń jiyàn níbí pé ó gùn jù, ó sì gùn lóòótọ́. Herbert fúnra rẹ̀ tún kọ márùn-ún sí i. Ẹ dúró níbi àkọ́kọ́, ìtàn náà parí níbẹ̀ dáadáa. Mo máa ń yá àwọn ènìyàn ní ìwé náà níbí nítorí pé omi yí wa ká, ọ̀sà níhìn-ín, òkun lọ́hùn-ún, kànga ilé ẹlòmíràn sì ń mú iyọ̀ wá. A mọ bí ó ṣe rí kí ènìyàn máa wo omi tí kò ṣeé mu.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Octavia Butler, obìnrin adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, kọ Kindred ní 1979. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Dana wà nínú ilé rẹ̀ ní California ní 1976, òòyì mú un, nígbà tí ojú rẹ̀ yóò fi là, ó wà ní Maryland nígbà oko ẹrú. Òfin méjì péré ló wà. Bí ẹ̀mí ọmọ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Rufus, tí ó jẹ́ baba ńlá Dana, bá wà nínú ewu, a fà á lọ. Bí Dana bá rò pé òun fẹ́ kú, a dá a padà. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí oògùn, Butler kò sì ṣàlàyé rẹ̀ títí ìwé fi parí. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ti sọ iye tó ná an: apá rẹ̀ kan kò padà wálé. Nígbà tó yé Dana pé yóò tún lọ, ó so àpò kan mọ́ ara rẹ̀ nínú ilé, ó kó ọṣẹ, ọ̀bẹ àti oògùn ẹ̀fọ́rí sínú rẹ̀, ó sì ń rìn kiri nínú yàrá pẹ̀lú àpò náà, ó ń dúró de òòyì.

Ọ̀kan nínú yín ní ìwé yìí kì í ṣe ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì nítorí kò sí sáyẹ́ǹsì nínú rẹ̀. Butler náà kò pè é bẹ́ẹ̀, ìtàn àràmàǹdà tó burú ni òun pè é, nítorí náà kò sí ìjà níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kà á tán, mo wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, mo rìn ní ojú yanrìn àárín àwọn igi àgbọn títí mo fi dé ìdí kànga tí wọ́n ní àwọn ẹrú ń mu nínú rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Mo ti kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ síbẹ̀ nígbà púpọ̀, mo ti ka ìtàn náà sókè fún wọn bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè lọ́wọ́ ara mi bóyá omi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé Butler ní kò lè ṣe é: ohun tí orí gbàgbé, ara ṣì ń rántí, ó sì lè pe ọmọ-ọmọ padà lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbí, ẹ kà á. Ẹ má fún ọmọ SS2 láìsí àgbà tí yóò jọ kà á pẹ̀lú rẹ̀, pàṣán àti ìfipábánilòpọ̀ wà nínú rẹ̀.

* * *

Àwọn ọ̀dọ́ ní mo ti ń sọ̀rọ̀ àwọn òǹkọ̀wé tó ti kú jù. Ó dáa.

Nnedi Okorafor kọ Lagoon ní 2014: àwọn àjèjì sọ̀ sínú omi Èkó, ní Bar Beach. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni ọ̀nà márosẹ̀ kan tó ń jẹ ènìyàn. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Mile 2 dé Àgbádárìgì lásìkò òjò mọ̀ pé òǹkọ̀wé kò sọ àsọdùn, àwọn ìyá wa sì ti ń gbàdúrà kí a má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣe ìwé. Ben Okri náà fa àkọlé The Famished Road láti inú èrò kan náà, ó sì gba ẹ̀bùn Booker ní 1991. Ìwé nípa àbíkú ni. Ó lẹ́wà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì gbé e kalẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀bùn ti yín lójú.

Rosewater ti Tade Thompson ni mo gbé ga jù nínú àwọn tuntun, ó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Ọdún 2066 ni, ní Nàìjíríà. Ohun kan láti òfuurufú ti fìdí kalẹ̀, ó ń ṣí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti wo aláìsàn sàn, ìlú kan sì ti hù yí i ká. Àwọn kan lè gbọ́ èrò ọkàn ẹlòmíràn nítorí ohun kan bí olú tó kún inú afẹ́fẹ́, tí ó so ọpọlọ mọ́ ọpọlọ. Nítorí náà ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ a fi ìpara làpálàpá pa ara. Ìpara làpálàpá! Èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo mọ̀ pé dókítà ló kọ ọ́. Iṣẹ́ tí akọni ìwé náà sì ń ṣe ní báǹkì ni pé kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ka ìwé sókè, kí olè tó ń jí èrò ọkàn lè máa gbọ́ ìwé dípò àṣírí àwọn oníbàárà. Ìwé àgbà ni èyí náà.

Ìjà tó gùn jù níbí ni ti Tomi Adeyemi, Children of Blood and Bone, 2018. Àwọn olùkọ́ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi kò lè fara da bí wọ́n ṣe fi àmì kékeré méjì sórí "i" nínú "Orïsha", àmì tí kò sí nínú àkọtọ́ wa. Ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ-ọmọ mi fi kà á tán, ó sì wá bá mi pẹ̀lú ìwé ní ọwọ́ láti bèèrè ìtumọ̀ ọfọ̀ inú rẹ̀. Ọdún mélòó ni mo ti ń wá bí yóò ṣe bi mí ní ìbéèrè Yorùbá? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á, kí ẹ mú pẹ́ńsù dání.

Ti Wole Talabi, Shigidi and the Brass Head of Obalufon, 2023, ẹ̀rín ni mo fi kà á. Ṣìgìdì, ẹni tí a mọ̀ sí ẹni tó ń di ènìyàn mọ́lẹ̀ lójú oorun, ti di òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àwọn òrìṣà, ọ̀gá ń fìyà jẹ ẹ́, oníbàárà kò sì sí. Ó wá gba iṣẹ́ láti jí orí idẹ Ọbalùfọ̀n ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣìgìdì tó fẹ́ ṣeré ẹ̀tẹ́, ó ní kí wọ́n gbé òun sójò, òun nìyẹn. Àwọn ibi tó wà fún ẹni tó ti ṣègbéyàwó pọ̀ níbẹ̀ o.

* * *

Ìyá wa láti Àjárá tún ti dé: "Tíṣà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ìwé àgbà ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yín. Èwo ni kí n fún ọmọ mi lọ́sẹ̀ yìí?"

Ẹ má bínú, Ìyá. Kí ó fi Akata Witch ti Okorafor bẹ̀rẹ̀, 2011 ló jáde. Ọmọbìnrin àfín kan ní Aba ló wà nínú rẹ̀, ó sì wọ ẹgbẹ́ kan níbi tó jẹ́ pé ìgbà tí ènìyàn bá kọ́ ohun tuntun ni owó máa ń já bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ èyí fún bàbá rẹ̀, inú rẹ̀ yóò rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Earthsea. Lẹ́yìn ìyẹn, kí òun àti bàbá rẹ̀ jókòó ka Ògbójú Ọdẹ sókè, ojú-ìwé mẹ́wàá lálẹ́, kí bàbá máa ka ọ̀kan kí ọmọ máa ka èkejì. Ẹni tó ní Fágúnwà ti kọ gbogbo rẹ̀ tán kò gbọdọ̀ sá fún un.

Akata Witch wà ní ṣọ́ọ̀bù. Earthsea wà lọ́wọ́ ọmọ ìyá ẹlẹ́ja kan, ọjọ́ Ẹtì ni yóò dá a padà. Bí ẹ bá ń bọ̀ wá sí ọjà Agbálatà, ẹ yà, kí ẹ mú àpò ọ̀rá dání nítorí òjò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ pín-ìnnì inú Fágúnwà mi.